Àtíkè tó fọ́ ní àtúnṣe, ojú tó fọ́ kò ní

Ìyàwó ilé kan ní Ìgbàyè, lẹ́bàá Òkukù, ti ọjà Ìkìrun dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó fi báàgì kọ́ apá. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni okùn báàgì já, báàgì sì balẹ̀ gbàù lórí òkúta. Tòmátì kò fọ́, epo kò dà, kódà ẹyin tó rà kò sán. Àtíkè tuntun nìkan ni ìyà jẹ. Nígbà tí yóò fi ṣí ike rẹ̀ wò, àtíkè ti fọ́ yángá, ó ti di ìyẹ̀fun.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ kan wà ní Òkukù lọ́jọ́ kejì. Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, gèlè ti wà nílẹ̀, bàtà ti wà nílẹ̀. Owó ló ti tán. Ta ni yóò tún lọ bá ọkọ pé òun fẹ́ ra àtíkè mìíràn, nígbà tí ọkọ kò tíì gbàgbé owó aṣọ ẹbí?

Obìnrin yìí jókòó sórí àpótí, ó fi ìka kan itọ́, ó fẹ́ máa fi tẹ àtíkè náà padà sínú ike. Ibi tó ti ń ṣe èyí ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù ní Òṣogbo, ìgbéyàwó yẹn náà ló gbé e wálé. Ó kéré sí ìyàwó lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n inú ilé ni ìyàwó bá a, nítorí náà "ẹ" ni ìyàwó ń fún un, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló sì ń pè é.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ bá mi dá sí i o. Àtíkè mi ti fọ́."

"Ìyẹn náà lo wá ń tutọ́ sí? Ojú tìrẹ náà kọ́ lo fẹ́ fi pa? Gbé e wá."

Bí wọ́n ṣe tún àtíkè ṣe

Ohun tí Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́kọ́ wò ni jígí tó wà lábẹ́ ìdérí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé jígí kò fọ́. Bí jígí bá fọ́ sínú àtíkè, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kí obìnrin sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀rún dígí kò ṣeé rí lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó yẹ kó fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó da àtíkè náà sínú náílọ̀n tó mọ́, ó di ẹnu rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ ọ́ títí tó fi kúnná. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń kùnà níbí. Wọn á ní kí àwọn kó àwọn tó ṣẹ́ ńláńlá jọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àtíkè tó bá ti fọ́ díẹ̀, àfi kí wọ́n fọ́ ọ tán kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Ó da ìyẹ̀fun náà padà sínú ike. Ó ní kí ìyàwó bá òun wá sípíríìtì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gúnni lábẹ́rẹ́, kó jẹ́ èyí tí kò ní àwọ̀. Wọ́n rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà lójú ọ̀nà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ń kán an sórí àtíkè díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rò ó, títí tó fi rí bí ẹ̀bà tó le. Kò gbọ́dọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Èéṣe tí kì í ṣe omi? Omi kì í tètè gbẹ. Ibi tí omi bá pẹ́ sí, kòkòrò àìfojúrí á ríbi gbé níbẹ̀, láìpẹ́ àtíkè á máa rùn. Itọ́ tún burú ju omi lọ, nítorí kòkòrò tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu. Sípíríìtì ní tirẹ̀ á ṣiṣẹ́ tán, á sì fò lọ.

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí iná lọ. Ìyàwó sáré tan àbẹ́là, ó gbé e bọ̀ kó lè mọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ náà.

"Yéè! Ìyàwó, gbé iná yẹn jìnnà! Ṣé o fẹ́ sun ilé ni?"

Òótọ́ ló sọ. Sípíríìtì máa ń gbá iná mọ́ra bí epo bẹntiróòlù ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ojú ọ̀sán ni kó ti ṣe é, lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kó jìnnà sí àbẹ́là, àtùpà, sítóòfù àti ẹni tó ń mu sìgá. Iná tọ́ọ̀ṣì ara fóònù ni wọ́n fi parí tiwọn.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ mú ìgò kékeré kan, ó fi aṣọ funfun tó mọ́ wé ìdí rẹ̀, ó sì fi tẹ àtíkè náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Aṣọ náà fa sípíríìtì tó kù sókè, ojú àtíkè sì tẹ́jú. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtíkè ti gan bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ló ti ń bọ̀.

Ìtọ́tè tó ti ṣẹ́ láti oṣù tó kọjá ni wọ́n mú lé e. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ibi tó dọ̀tí lára rẹ̀ kúrò. Ó ha ìyókù sínú agolo kékeré tó ti fọ̀ tó sì ti gbẹ, ó gbé agolo náà sínú abọ́ omi gbígbóná. Kò pẹ́ tó fi yọ́. Ó gbé e kúrò, ó jẹ́ kó tutù, ó dì. Ìka ọwọ́ tó mọ́ ni obìnrin yóò máa fi bù ú pa ètè láti ìsinsìnyí lọ. Kò sí fíríìjì nílé náà, ẹ̀gbẹ́ àmù omi ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ sì tutù tó.

Ohun tí kò ṣeé tún ṣe

Inú ìyàwó dùn. Ó ní ó tó àkókò kí òun kó gbogbo ẹrù ìṣaralóge òun jáde fún àtúnṣe. Ó gbé màsíkárà kan jáde tó ti gbẹ. Ó ní omi díẹ̀ lòun máa ń kán sí i.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Háà! Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀! Kò tíì tán o!"

"Kò tíì tán ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ lè tán."

Àwọn dókítà ojú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé màsíkárà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i, yálà ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Gbogbo ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá fi ojú kàn tó tún padà sínú ike, ó ń kó ìdọ̀tí lọ sílé ni. Omi tí wọ́n bá kán sí i ni oúnjẹ àwọn kòkòrò náà. Pẹ́ńsù ojú sàn jù ú lọ díẹ̀, nítorí ó ṣeé gbẹ́. Bí obìnrin bá gbẹ́ ẹ kó tó lò ó, ibi tó ti dọ̀tí á bọ́ sílẹ̀. Bí oòrùn bá mú un rọ̀, kó gbé e sí ibi tutù títí yóò fi le kó tó gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ yíyá ara ẹni ló tún ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ti dàgbà á rántí ohun tí ojú rí ní 1969. Ọdún yẹn ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá. Ọdún yẹn kan náà ni àrùn ojú pípọ́n kan bẹ̀rẹ̀ ní Ghana, tó sì ràn dé Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìpéǹpéjú á wú, ipin á dí i pa láàárọ̀. Àwọn ènìyàn wá sọ ọ́ lórúkọ ọkọ̀ òṣùpá náà, wọ́n ń pè é ní àpólò. Títí di òní, orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa. Ọwọ́ tó kan ojú aláìsàn, aṣọ ìnujú, ìrọ̀rí, pẹ́ńsù ojú àti igi tìróò, ọ̀nà tí àpólò ń gbà rìn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ méjì lè pín oúnjẹ, wọ́n lè pín aṣọ, kí wọ́n má pín ohun tó ń kan ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìyá gbé ìgò tìróò dé

Wọn kò tíì kó ẹrù náà tán tí Ìyá, ìyá ọkọ, fi wọlé. Ìgò tìróò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, gbé ọmọ yẹn wá kí n lé tìróò fún un. Èèyàn kì í gbé ọmọ lọ sóde báyìí kí ojú rẹ̀ ṣófo."

Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Ìyàwó dákẹ́. Ó ti gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kí wọ́n má lé tìróò fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó wo ló máa fi sọ fún ìyá ọkọ pé kó gbé tìróò lọ? Ojú Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ìyá ṣe nǹkan àjèjì. Kí àtíkè inú ike tó dé, àwọn ìyá wa ti ń ṣara lóge. Osùn ni wọ́n fi ń pa ara ìyàwó àti ọmọ titun. Làálì ni wọ́n ń lé sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Òrí àti àdín ni wọ́n fi ń mú ara dán. Tìróò ni ti ojú, tọkùnrin tobìnrin ló ń lé e. Ìfẹ́ ọmọ ló gbé Ìyá dìde.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣebí tìróò yìí náà ni mo lé fún ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta ló fọ́jú nínú yín?"

"Kò sẹ́ni tó fọ́jú, Ìyá. Ojú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ọpọlọ ni."

Ó wá ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Òkúta dúdú kan tó ń dán ni wọ́n máa ń gún ṣe tìróò. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Nàìjíríà, ní agbègbè Abakaliki. Òjé ló kún inú rẹ̀.

"Òjé? Òjé tí àwọn olórìṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́?"

"Òun náà ni, Ìyá. Òun náà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀."

Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò. Ìdílé ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ náà ti wá. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wá ibi tó ti wá títí, tìróò tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ni wọ́n bá. Nàìjíríà ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, tí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà 100, ó ju 82 lọ tó jẹ́ òjé nínú rẹ̀. Àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 2012. Wọ́n ní kí òbí má lé e mọ́, òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta wá wúrà nínú ọgbà ilé wọn, òjé sì wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọdé tó kú lé ní 400. Ìwọ̀n tìróò tó ń wọ ara ọmọ kò tó ti Zamfara, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu.

Bó ṣe ń wọ ara ọmọ kò le. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé kì í hàn. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á máa mu ọmú, ojú rẹ̀ á dúdú minijọ, gbogbo ayé á ní ó rẹwà. Ìgbà tó bá dé ilé ìwé ni wọn á máa bi ara wọn pé kí ló dé tí ìwé kò fi wọ orí ọmọ yìí. Ìdí nìyí tí ìbéèrè Ìyá, "ta ló fọ́jú nínú yín?", kò fi tó. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń pa ọmọ lára ni ojú ń rí.

Kì í ṣe gbogbo tìróò ló ní òjé, òótọ́ ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ èédú tàbí ẹ̀rú. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ojú mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú náílọ̀n lọ́jà kò ní nọ́mbà NAFDAC, kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kò ní ọjọ́. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí òjé máa ń ti ara ìyá dé ara ọmọ. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ojú òun dúdú, kó ra pẹ́ńsù ojú tó ní nọ́mbà NAFDAC lára.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ọmọ, ó wo ìgò.

"Èwo wá ni tèmi ní Amẹ́ríkà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá dàgbà, tó ní òun fẹ́, kó lé e fúnra rẹ̀." Ó so ìgò náà mọ́ etí ìró. "Ṣùgbọ́n èmi máa lé tèmi lọ́la o. Ọpọlọ tèmi ti kàwé tán."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mí kanlẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó jókòó ti fèrèsé, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ dúró tì í, ṣùgbọ́n kò bá a fọwọ́ kàn án. Ó ní kó ṣe é fúnra rẹ̀, kó lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ mìíràn.

Ó fi ọṣẹ fọ ojú, ó nu ún gbẹ. Ó fi òrí díẹ̀, bíi hóró ẹ̀wà kan, ra ọwọ́, ó fi pa ojú, ó dúró kó wọra. Ẹni tó bá lo àtíkè sórí òróró tútù, ojú rẹ̀ á ṣe pátápátá. Fóòmù tó fi lo àtíkè, ó ti fọ̀ ọ́ lálẹ́ àná, ó sì ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ojú obìnrin bá ń sú, kì í ṣe àtíkè ló fà á, fóòmù tí kò fi omi kàn láti ọdún méjì ni. Ó fi kan àtíkè fẹ́rẹ́fẹ́, ó gbọn ọ́n nù, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, kò nù ún. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ọrùn, kí ojú má baà jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ọrùn jẹ́ tirẹ̀. Àwọ̀ àtíkè náà bá ti ọrùn rẹ̀ mu, nítorí ojú ọjọ́ ni wọ́n ti yàn án lọ́jà, kì í ṣe abẹ́ iná.

Ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó fi tọ irun ojú tí Ọlọ́run fún un, kò fá a kó tó kọ òmíràn. Ó fi ìka bu ìtọ́tè inú agolo, ó pa á sí ètè, ó fi bébà tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà yọ̀ sí eyín. Ó tán. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ní Òkukù lọ́jọ́ náà, ìyàwó kan bi í pé irú àtíkè wo ló lò. Ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti bọ́ lórí ọ̀kadà rí. Ìyá jókòó síwájú, tìróò ojú rẹ̀ dúdú bí ojú ọjọ́ tó ṣú. Ọmọ wà ní itan rẹ̀, ojú ọmọ náà mọ́ rekete, ó ń wo ẹni tó ń lu gángan, kò ṣẹ́jú.

Obìnrin tó bá ní ọgbọ́n mìíràn tó fi ń tún ẹrù ìṣaralóge rẹ̀ ṣe nílé, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kó má ṣe kọ ti itọ́ wá o.